Ihò inú nǹkan, àti ibi tí nǹkan ò ti wúwo

Ọ̀rọ̀ ihò ni mo gbé dé lónìí o, ẹ má wò ó bí ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ihò inú nǹkan ni mò ń sọ, ihò wẹ́wẹ́ tó máa ń wà nínú kànrìnkàn, nínú búrẹ́dì, nínú amù tí wọ́n fi amọ̀ mọ tí omi inú rẹ̀ fi máa ń tutù láìsí firíìjì. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kà nípa bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe ń gbé iṣẹ́ ṣíṣe nǹkan oníhò lọ sí òfuurufú, níbi tí nǹkan ò ti wúwo, tí wọ́n ń ṣe é nínú International Space Station, ilé ìwádìí tó ń yí ayé po lókè, ISS tí gbogbo wa ń gbọ́ orúkọ ẹ̀ yẹn, mo sì rí i pé a kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ ọ́ láàárín ara wa lédè wa, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tó dùn gan-an ni. Fíṣíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé girama kan níbí ní Abẹ́òkúta, torí náà màá ṣàlàyé dáadáa, ẹ ní sùúrù fún mi.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìdí tí ọkọ̀ òfuurufú fi nílò ihò. Gbogbo kìlò tí wọ́n bá gbé gòkè ni wọ́n ń sanwó lé lórí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là lórí kìlò kan ṣoṣo, nítorí náà ohun tó fúyẹ́ tó sì lágbára ni wọ́n ń wá kiri, ihò ló sì ń mú nǹkan fúyẹ́. Yàtọ̀ síyẹn, afẹ́fẹ́ tó bá há sínú ihò kékeré kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí Space Shuttle ti Amẹ́ríkà, àwọn táìlì tí wọ́n fi bo ara rẹ̀ lé ní 24,000, fọ́nrán silica (ohun tó wà nínú yanrìn) tín-ín-rín ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ó sì ju ìdá 90 nínú 100 wọn tó jẹ́ àlàfo lásán. Wọ́n á gbé ọ̀kan jáde nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bíi 1,200 digiri, àárín rẹ̀ á ṣì máa pọ́n yòò bí iná, ẹnì kan á sì fi ọwọ́ lásán dì í mú ní igun rẹ̀, kò ní jó o. Mo fi fídíò yẹn han àwọn ọmọ kíláàsì mi, ariwo tí wọ́n pa, tíṣà kíláàsì kejì wá yọjú.

Èyí tó tún ju ìyẹn lọ ni aerogel. Samuel Kistler, ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1931, ó mú nǹkan tó rọ̀ rọ́bọ́rọ́bọ́ tó kún fún omi, ó wá ọgbọ́n yọ omi inú rẹ̀ láìjẹ́ kí egungun tó wà nínú rẹ̀ wó lulẹ̀. Àwọn kan wà nínú aerogel tó jẹ́ pé ìdá 99.8 nínú 100 wọn ni afẹ́fẹ́. NASA fi sínú ọkọ̀ kékeré Sojourner tó lọ sí Mars ní 1997 kí òtútù má pa ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ní January 2004, ọkọ̀ Stardust gba ẹ̀gbẹ́ ìràwọ̀ onírù kan tó ń jẹ́ Wild 2 kọjá, eruku ara ìràwọ̀ yẹn ń bọ̀ ní kìlómítà 6 ní sẹ́kọ́ndì kan, ó lé díẹ̀ pàápàá, aerogel ni wọ́n tẹ́ dè é. Eruku náà wọlé sínú ihò wẹ́wẹ́ yẹn, eré rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dúró síbẹ̀, wọ́n sì gbé e padà wálé ní January 2006, ó balẹ̀ sí Utah. Ihò ló mú eruku ìràwọ̀ wálé fún wa o.

Ihò tún wúlò fún afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ń gbé inú ISS ń mí. Ẹ̀rọ tó ń yọ carbon dioxide kúrò nínú ISS, zeolite ló wà nínú rẹ̀, òkúta oníhò tí ihò rẹ̀ kéré débi pé móléékù ló ń há sí i. Oúnjẹ náà ńkọ́? Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń gbìn lókè nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Veggie, amọ̀ sísun tí wọ́n fọ́ wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń gbìn ín sí, wọ́n sì jẹ nínú létíùsì rẹ̀ ní August 2015. Amọ̀ sísun! Ohun tí wọ́n sì ń tìtorí ẹ̀ ṣe wàhálà ni ihò inú amọ̀ yẹn, torí níbi tí nǹkan ò ti wúwo, omi kì í sun lọ sísàlẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò ni, tí ihò bá kéré jù omi á gba gbogbo àyè, gbòǹgbò ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, tó bá sì tóbi jù omi ò ní tàn káàkiri. Mo rò ó pé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ oko ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà lókè Alábàtà yẹn, á ní nǹkan sọ sí èyí, torí ìbéèrè yìí gan-an ni wọ́n ń bi ilẹ̀ lójoojúmọ́.

Ó dáa, ká wá bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ àìwúwo yẹn, torí ibẹ̀ ni àwọn ọmọ mi ti máa ń bá mi jà. Wọ́n á ní "Sà, kò sí gírávítì lókè." Ó wà o! ISS ò jìnnà tó bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi 400 kìlómítà ló fi ga ju ilẹ̀ lọ, ìyẹn ò tó Abẹ́òkúta sí Àbújá, òòfà ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ ṣì tó nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 èyí tó wà níbí. Ohun tó ń jẹ́ kí wọ́n máa fò kiri ni pé gbogbo wọn jọ ń já bọ́ ni, ilé ń já bọ́, èèyàn inú ilé ń já bọ́, omi inú ike ń já bọ́, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, nǹkan bíi 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan, pọ̀ débi pé bí wọ́n ṣe ń já bọ́ ni ilẹ̀ ń tẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn, ni wọ́n bá ń yí ayé po ní bíi ìṣẹ́jú 90, wọn ò kanlẹ̀. Nígbà tí gbogbo nǹkan bá sì jọ ń já bọ́, kò sí èyí tó máa tẹ èkejì mọ́lẹ̀. Èyí tó wúwo ò ní rì, èyí tó fúyẹ́ ò ní gòkè. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ láti ibí lọ, orí gbólóhùn yẹn ló dúró lé.

Torí tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan oníhò, ọ̀nà tó wọ́pọ̀ ni kẹ́ ẹ kó afẹ́fẹ́ sínú ohun tó ń ṣàn kó hó, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó dì kí afẹ́fẹ́ yẹn tó bá tiẹ̀ lọ. Àmọ́ ìfófó, ìyẹn àwọn àpò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ tó kóra jọ bẹ́ẹ̀, kì í dúró de èèyàn. Ẹ po ọṣẹ sínú omi, ẹ rú u kó hó dáadáa, kẹ́ ẹ wá jókòó tì í. Omi á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ìfófó tó wà lókè á gbẹ, awọ rẹ̀ á tín-ín-rín, á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ́. Òòfà ilẹ̀ ló ṣe ìyẹn. Nǹkan kejì tún wà tí ojú kì í tètè rí, afẹ́fẹ́ inú àpò kékeré ló máa ń há mọ́ra ju ti inú àpò ńlá lọ, nítorí náà ó máa ń gba ara awọ yẹn yọ́ lọ sínú àpò ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kékeré á máa kéré sí i títí á fi pòórá, ńlá á máa ga sí i ní tiẹ̀. Nílẹ̀ níbí, méjèèjì ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Èwo ló ba ìfófó jẹ́? O ò lè mọ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ìfófó tó lómi púpọ̀, torí kó o tó fojú sí i dáadáa omi ti lọ sísàlẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi gbé e lọ sókè nìyẹn. Frank De Winne, ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ṣe àyẹ̀wò ìfófó nínú ISS ní 2009, lẹ́yìn náà European Space Agency, àjọ òfuurufú Yúróòpù, wá ṣe èyí tó kún ju tiẹ̀ lọ, FOAM-C ni wọ́n pè é, nínú Columbus tó jẹ́ yàrá ti àwọn ará Yúróòpù níbẹ̀. Ìfófó tí omi inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 15 nínú 100 títí dé 50 ni wọ́n ń wò, irú èyí tí kò lè dúró nílẹ̀ rárá. Ẹ wò ó, tẹ́ ẹ bá da nǹkan róbótó jọ wúruwùru sínú ike, bẹ́ ẹ ti wù kẹ́ ẹ mì ín tó, nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 àyè ibẹ̀ ni wọ́n á gbà, èyí tó kù jẹ́ àlàfo. Àpò afẹ́fẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, tí omi bá ti kọjá bí ìdá 36 nínú 100, àwọn àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà síra, olúkúlùkù á máa lúwẹ̀ẹ́ tiẹ̀. Lókè, wọ́n rí ìyàtọ̀ náà kedere. Nígbà tí wọ́n ṣì fara kan ara wọn, tí àsìkò bá di ìlọ́po mẹ́rin, àpò á tóbi di ìlọ́po méjì. Nígbà tí omi bá ti pín wọn níyà, àfi kí àsìkò di ìlọ́po mẹ́jọ kí wọ́n tó tóbi di ìlọ́po méjì. Wọ́n tún rí àwọn àpò wẹ́wẹ́ púpọ̀ tó wà ní àlàfo àárín àwọn ńlá, tí wọ́n ń rìn kiri níbẹ̀, wọn ò há mọ́ ẹnikẹ́ni, ọdún 2023 ni ìwé tó sọ nípa ìyẹn jáde. Mi ò mọ bí yóò ṣe rí lára yín o, èmi ò lè sùn lọ́jọ́ tí mo ka ìyẹn. Ẹni tó bá mọ bí ihò ṣe ń dàgbà, òun ló lè sọ pé bí ihò mi ṣe máa tóbi tó rèé, kó sì dá a dúró nígbà tó bá tó ohun tó ń fẹ́.

Lójú ọ̀nà Láfẹ́nwá, àwọn kan wà tí wọ́n ń yọ́ alumíníọ̀mù tó ti gbó, páànù, agolo, ẹ̀yà ẹ́ńjìnì ọkọ̀, tí wọ́n fi ń da ìkòkò. Mo máa ń yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan níbẹ̀, ọ̀gá gidi ni nínú iṣẹ́ yẹn. Ihò lọ̀tá tiẹ̀. Ó ní "Tíṣà, tí ihò bá ti wọ ìkòkò báyìí, á jò, oníbàárà á gbé e padà wá, orúkọ mi ló sì máa bà jẹ́." Mo bi í pé "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe wá ń ṣe é tí kì í fi í níhò?" Ó ní òun kì í jẹ́ kí irin tó lómi lára wọ inú èyí tó ti yọ́, pé ẹni tó bá fẹ́ ba ara ẹ̀ jẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, òun máa ń gbọ́n ìdọ̀tí orí rẹ̀ dànù, òun á wá ní sùúrù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gòkè wá kí òun tó dà á sínú mọ́ọ̀dù.

Gbogbo ohun tó sọ yẹn ló rí bẹ́ẹ̀. Alumíníọ̀mù tó ti yọ́ máa ń fa hydrogen mu látinú omi, nígbà tó bá wá ń dì, kò ráyè fún hydrogen náà mọ́, ni yóò bá tú u sílẹ̀, ìyẹn ló ń di ihò. Òòfà ilẹ̀ sì ni òṣìṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ní tí kò sanwó fún, torí irin wúwo, afẹ́fẹ́ fúyẹ́, á gbọ̀nà òkè lọ fúnra rẹ̀.

Lókè, kò sí òṣìṣẹ́ yẹn. Ní 2002, Richard Grugel ti ibùdó NASA tó ń jẹ́ Marshall ṣètò àyẹ̀wò kan tí wọ́n pè ní PFMI, Peggy Whitson ló ṣe é nínú ISS. Wọn ò lo irin, torí èèyàn ò lè rí inú irin, nǹkan kan tó ń jẹ́ succinonitrile ni wọ́n lò, ó mọ́ gaara, ó máa ń yọ́ kó tó gbóná dé 60 digiri, ó sì máa ń dì bí irin ṣe ń dì. Wọ́n ń yọ́ ọ, wọ́n ń jẹ́ kó dì, kámẹ́rà ń wo àpò afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Àpò yẹn ò gòkè, kò tiẹ̀ sí òkè kankan níbẹ̀. Apá ibi tó gbóná ló ń forí lé! Ìdí ni pé bí ojú nǹkan tó ń ṣàn ṣe máa ń fa ara rẹ̀ mọ́ra, níbi tó tutù ó máa ń fa gan-an, níbi tó gbóná kì í fà tó bẹ́ẹ̀, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń ti àpò náà lọ. Orúkọ Carlo Marangoni ará Ítálì ni wọ́n fi ń pe irú ìfà bẹ́ẹ̀. Ó wà nílẹ̀ níbí náà o, nínú ìkòkò ẹ̀gbọ́n ó wà, àmọ́ òòfà ilẹ̀ lágbára jù ú lọ, ó bò ó mọ́lẹ̀, a kì í rí i.

Mo sọ gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ń fi igi ro eérú. Ó wá ní "Tó bá jẹ́ ibi tó gbóná ló ń lọ, a jẹ́ pé ẹni tó bá mọ ibi tó máa fi iná sí ló máa sọ ibi tí ihò máa wà." Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀pọ̀ ìwé ni mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí tí wọn ò sọ ọ́ yé mi tó báyẹn. Ẹ̀gbọ́n ò kàwé kọjá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, iná àti irin ló kọ́ ọ.

Àwọn kan tiẹ̀ wà tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sí alumíníọ̀mù. Ìfófó irin ni wọ́n ń ṣe, ó fúyẹ́, tí nǹkan bá sì kọlù ú ó máa ń rún wọlé díẹ̀díẹ̀ ni, kì í jẹ́ kí ẹrù inú ọkọ̀ fara gbá a. Ní Jámánì, John Banhart àti Francisco García-Moreno wà lára àwọn tó mú iṣẹ́ yìí ní òkúnkúndùn, wọ́n máa ń gbé ààrò kékeré àti X-ray sínú bàálù tó máa ń gòkè fìrì tó sì tún máa ń dojú kọlẹ̀, tí nǹkan inú rẹ̀ ò ní wúwo fún nǹkan bí 20 sẹ́kọ́ndì. Nígbà tí bàálù ń gòkè, ìwúwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, X-ray á fi irin tó ti yọ́ hàn bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìfófó. Tí àìwúwo bá wá dé, irin yẹn á tún máa padà tàn káàkiri, á lọ dọ́gba. Inú bàálù kan ṣoṣo lo ti rí òòfà ilẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ àti níbi tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó tún sún mọ́ àsìkò wa ni ti graphene, ìyẹn carbon tó fẹ́lẹ́ gan-an. Ní 2023, Debbie Senesky àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní Stanford, pẹ̀lú àwọn ará Berkeley, fi omi tí wọ́n po graphene oxide sí ránṣẹ́ sí ISS, kí wọ́n sè é lókè títí á fi dì pọ̀, kí wọ́n wá gbé e wálé láti sọ ọ́ di aerogel. Ní ilẹ̀, ohun tó wúwo inú rẹ̀ á máa rọ̀ sísàlẹ̀ nígbà tó bá ń dì, gbígbóná náà á tún máa rú u, ihò tó wà lókè ò ní bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ohun tí wọ́n fẹ́ wò ni bó ṣe máa rí tí kò bá sí ìyẹn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, màá sọ èrò mi síbí. Àwọn kan ń polówó kiri pé láìpẹ́ fáktrì á wà lókè, a ó máa kó ọjà sọ̀ kalẹ̀ wá tà. Ní ti nǹkan oníhò, mi ò rí i bẹ́ẹ̀, ìfófó ń gba àyè púpọ̀, owó ọkọ̀ ò sì kéré. Ohun méjì ni mo gbà gbọ́. Ìkíní, ohun tí òòfà ilẹ̀ fi pamọ́ fún wa, òkè la ti lè rí i, ká wá gbé ìmọ̀ yẹn wálé lò nínú ààrò tiwa, ìmọ̀ ò wúwo nínú ọkọ̀. Èkejì, àwọn tó bá fẹ́ gbé inú Òṣùpá tàbí Mars, dandan ni kí wọ́n lè ṣe ìfófó níbi tí wọ́n bá wà, torí nǹkan díẹ̀ ni wọ́n á gbé lọ, á wá wú níbẹ̀ di ògiri, di ohun tó ń dènà òtútù. Wọn ò lè ṣe ìyẹn tí wọn ò bá mọ bí ihò ṣe ń hùwà níbi tí ìwúwo ti yàtọ̀.

Ó sì wù mí kí àwọn ọmọ wa wà níbẹ̀. A ní NASRDA, àjọ òfuurufú ti Nàìjíríà, láti 1999, sátẹ́láìtì wa NigeriaSat-1 gòkè ní 2003, ibùdó ẹ̀kọ́ òfuurufú ti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú OAU ní Ilé-Ifẹ̀, kò jìnnà sí wa. Àwọn olùwádìí NASRDA ti ń lo clinostat, ẹ̀rọ kékeré tó máa ń yí irúgbìn po jẹ́jẹ́ kó má mọ apá ibi tí ìsàlẹ̀ wà. Ẹ̀rọ orí tábìlì ni o, kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ a tún ní àwọn adàkòkò tí wọ́n ti mọ ìwà irin tó ti yọ́ látinú iṣẹ́ ọwọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó ń pè wọ́n wọ kíláàsì fíṣíìsì. Èmi ti bẹ ẹ̀gbọ́n pé kó wá bá àwọn ọmọ SS2 mi sọ̀rọ̀, ó ní òun á wá tí òjò bá ti dáwọ́ dúró díẹ̀.

Kó tó dé, a fẹ́ ṣe tiwa. Ní Bremen ní Jámánì, wọ́n ní ilé gogoro kan tí wọ́n máa ń ju àyẹ̀wò sílẹ̀ nínú rẹ̀, 110 mítà ló máa ń já, ìyẹn ń fún wọn ní 4.74 sẹ́kọ́ndì. Àwa ò ní irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó bá já láti mítà 5 máa lo nǹkan bí sẹ́kọ́ndì kan kó tó kanlẹ̀, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì iléèwé sì tó bẹ́ẹ̀. Ike tó mọ́ gaara, omi ọṣẹ tí a mì tí àpò afẹ́fẹ́ ṣì ń gòkè nínú rẹ̀, fóònù tó lè ya àwòrán 240 ní sẹ́kọ́ndì kan, ká so méjèèjì mọ́ inú àpótí kan. Tí ohun tí mo ti ń sọ láti òkè bá rí bẹ́ẹ̀, nínú àwòrán wọ̀nyẹn àwọn àpò afẹ́fẹ́ á kàn dúró lójú kan. Tíṣà tó bá fẹ́ ṣe é níléèwé tiẹ̀, ẹ rí i pé àpótí náà wúwo díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má máa dá a dúró lọ́nà, ẹ kó ohun tó rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ dè é, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọ kúrò nísàlẹ̀ kí ẹni tó wà lókè tó jọ̀wọ́ rẹ̀.